Bí A Kò Bá Rí Àdán, Òòbẹ̀ Là Ń Fi Ṣẹbọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Áńpílífáyà Ẹgbẹ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, oníṣẹ́ iná mànàmáná tó ti fẹ̀yìn tì, bá ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé oṣooṣù ní Ṣàgámù.)

   N kò ní pẹ́ lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ ni ti áńpílífáyà ẹgbẹ́ tó wà lórí tábìlì yìí. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan dá a lábàá pé kí á kóńdẹ́mù rẹ̀, kí olúkúlùkù dá owó, kí á ra tuntun. Àwọn mìíràn ní kí á tún un ṣe. Alága wá ní kí èmi tí mo ti ń tún un ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá sọ tẹnu mi kí ẹgbẹ́ tó dìbò. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bí a ṣe ń wá arọ́pò fún sípéàpáàtì tí kò sí lọ́jà mọ́, mo ní ẹjọ́ kan láti rò, èmi fúnra mi sì ni ẹlẹ́ṣẹ̀ inú rẹ̀.

Ẹ rántí Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ ọdún tó kọjá. Láti ọdún 1981 tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún di ọjọ́ ìsinmi ní gbogbo Nàìjíríà ni ọjọ́ náà ti jẹ́ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ohùn sókè. Akọ̀wé wa wà lórí pèpéle, ó ń ka orúkọ àwọn mọ́kànlá tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọn kò tíì rí owó ìfẹ̀yìntì wọn gbà. Ó ka orúkọ kẹrin, gbogbo wa gbọ́. Bí ó ṣe fẹ́ ka ìkarùn-ún, ẹ̀rọ kùn hùn-ùn, ó dákẹ́, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Aṣojú àwọn agbanisíṣẹ́ tó wá gbọ́ wa dúró díẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Nígbà tí akọ̀wé wa bá a ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ó ní òun kò gbọ́ ju orúkọ mẹ́rin lọ. Bàbá tí orúkọ wọn jẹ́ ìkarùn-ún ló jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Bàbá, mo kí yín o.

Ẹ̀yin ará, iná ìjọba kọ́ ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́, kì í sì í ṣe jẹnẹrétọ̀ bí a ṣe ń sọ kiri. Èmi ni. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, méjì jó nínú tìràǹsísítọ̀ mẹ́rin tó ń gbé agbára ẹ̀rọ yìí. Mo lọ sí ọjà kan tí n kò ní dárúkọ, mo ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn tí mo fi í sí i, fíúsì ń já lemọ́lemọ́. Dípò kí n wádìí ohun tó ń já a, mo fi wáyà kọ́pà tó nípọn dípò fíúsì. Fíúsì ni ajá tó ń gbó olè. Mo pa ajá, olè sì wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́ ni mo fi ń la ọ̀nà iṣẹ́ yìí fún yín lónìí.

Kí ló tilẹ̀ fà á tí a fi ń wá arọ́pò? Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé-iṣẹ́ tipẹ́ kò ní gbàgbé ọdún 1982. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fi ìjánu sí ọjà òkèèrè nítorí pé owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá a dúró nítorí bẹ́árìn kékeré kan, wọn a sì ní kí òṣìṣẹ́ lọ máa sinmi nílé. Nígbà tó di 1986 tí ètò SAP dé, ọjà ṣí sílẹ̀ ṣùgbọ́n náírà já: ohun tí ojú rí, owó kò ká a. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ẹ̀yin awakọ̀ ni ẹ lè sọ bí owó sípéàpáàtì ṣe fò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti onírédíò nìkan.

Ti áńpílífáyà tún wá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ẹni tó ń ṣe ẹ̀yà rẹ̀ lè jáwọ́ pátápátá. Fáàfù ni áńpílífáyà àtijọ́ ń lò, àwọn ìgò tí inú wọn ń pọ́n bí ẹyin iná. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960, tìràǹsísítọ̀ germanium ti ń gba ipò fáàfù. Kò sì pẹ́ tí silicon fi lé germanium lọ. Lẹ́yìn náà ni Sanyo ti ilẹ̀ Japan kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà sínú ẹyọ kan tó fẹ̀ pẹrẹsẹ, tí à ń pè ní STK. Ní ọdún 2011, ẹ̀ka Sanyo tó ń ṣe é bọ́ sọ́wọ́ ON Semiconductor ti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn STK àtijọ́ ni a kò sì ṣe mọ́. Ẹ̀rọ ṣì wà nílé wa, ilé tí wọ́n ti ń bí ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n ti tì.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, òòbẹ̀ là ń fi ṣẹbọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àdán àti òòbẹ̀ jọ ń fò lóru ni. Kò sí ẹni tó wá àdán tì tó lọ mú ọ̀pọ̀lọ́. Ní Ṣàgámù wa yìí, níbi tí òwò obì ti gbilẹ̀, ta ni kò mọ gbànja yàtọ̀ sí àbàtà? Obì ni méjèèjì. Gbànja ni àwọn oníṣòwò Sábó ń kó lọ sí Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ da obì, àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni yóò wá, nítorí awẹ́ méjì péré ni gbànja ní. Bákan náà ni ìyá tó fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́, tó wá ewùrà tì, tó wá rin iṣu funfun síkòkò. Oúnjẹ lè jinná, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́. Arọ́pò kì í ṣe ohun tó jọ ti àkọ́kọ́ lójú. Ohun tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìbéèrè márùn-ún ni mo máa ń bi tìràǹsísítọ̀ tí mo bá fẹ́ fi rọ́pò òmíràn.

Èkíní: irú èwo ni ọ́? Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Nínú ti Yúróòpù, bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ A, germanium ni. Bí ó bá jẹ́ B, silicon ni. Bí lẹ́tà kejì bá jẹ́ C, iṣẹ́ ohùn kékeré ló wà fún. Bí ó bá jẹ́ D, ohùn ńlá. Nítorí náà, AD149 jẹ́ germanium alágbára, BC547 sì jẹ́ silicon kékeré. Nínú ti Japan, 2SA àti 2SB jẹ́ PNP, 2SC àti 2SD sì jẹ́ NPN; ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń yọ 2S kúrò lára rẹ̀, tí ẹ ó fi rí C1815 nìkan. Ti Amẹ́ríkà a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2N. PNP àti NPN dà bí nọ́ọ̀tì tí à ń dè sọ́tùn-ún àti èyí tí à ń dè sósì: ìwọ̀n wọn lè dọ́gba, síbẹ̀ ọ̀kan kò lè gba ipò èkejì.

Èkejì: fólítì mélòó lo lè fara dà? Ti arọ́pò gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ tàbí kí ó jù ú lọ. Kò gbọdọ̀ dín. Ẹ wo 2N3055, tí RCA ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí gbogbo onírédíò mọ̀ bí ẹni mowó. 60 fólítì, 15 áḿpù àti 115 wáàtì ni agbára rẹ̀. Ẹni tó bá fi í sínú áńpílífáyà tó ń fi 70 fólítì ṣiṣẹ́ kò ní pẹ́ gbóòórùn rẹ̀. MJ15003 ń fara da 140 fólítì, 20 áḿpù àti 250 wáàtì. Ó lè rọ́pò 2N3055 ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n 2N3055 kò lè rọ́pò rẹ̀ níbi tí fólítì bá ti ga. Ọkọ̀ tó ń ru tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lè ru mẹ́ta. Ẹ má fi ẹrù mẹ́wàá lé ọkọ̀ oní-mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta: áḿpù àti wáàtì rẹ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà inú ìwé tàn yín jẹ. 115 wáàtì tí wọ́n kọ fún 2N3055 yẹn, nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù dé ìwọ̀n 25 Celsius ni. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ní ọ̀sán oṣù Kejì ní Ṣàgámù, irin wo ló tutù tó bẹ́ẹ̀? Nítorí náà ni a fi ń dè é mọ́ irin ńlá tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Ara irú tìràǹsísítọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná ń gbà, nítorí náà à ń fi awẹ́ máíkà tẹ́ẹ́rẹ́ àti ọ̀rá ìpara rẹ̀ sáàárín òun àti irin. Ẹni tó bá gbàgbé máíkà ti so iná mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹrin: báwo lo ṣe ń yára tó? Èyí ló ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀gá pàápàá. 2N3055 ìgbà àkọ́kọ́ lọ́ra, ó sì le koko. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é padà, ti ìsinsìnyí sì yára ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Orúkọ kan náà ni, ìwà ọ̀tọ̀. Bí a bá fi ti tuntun sínú áńpílífáyà kan tí wọ́n ṣe fún ti àtijọ́, ẹ̀rọ lè máa han ní ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, kí ó sì máa gbóná nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wà lójú iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsí ohùn kankan, kí ẹ sì yẹ ooru rẹ̀ wò.

Ẹ̀karùn-ún: báwo ni ẹsẹ̀ rẹ ṣe tò? C1815 àti BC547 jọra bí ìbejì. Ẹ kọjú pẹrẹsẹ wọn sí ara yín. Ti C1815, láti òsì sí ọ̀tún, emitter, collector, base ni. Ti BC547 jẹ́ collector, base, emitter. Bí agbára rẹ̀ bá tó fún iṣẹ́ náà, a lè fi ọ̀kan dípò èkejì, ṣùgbọ́n a ní láti yí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bo èyí tó bá kọjá lórí èkejì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kàn kì í bọ ihò ti pa á.

Germanium ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nǹkan bí 0.2 fólítì ni ó nílò kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Silicon ń fẹ́ nǹkan bí 0.6. Bí a bá yọ AD149, tí a fi silicon sí i láìtún àwọn rẹ̀sísítọ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn fún un ṣe, ohùn yóò máa há bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ má sì pa irú méjì pọ̀ níbi tí wọ́n ti jọ ń gbẹ́rù. Awakọ̀ tírélà kì í fi taya tó ga àti taya tó kúrú sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí ọ̀kan ni yóò máa ru gbogbo ẹrù.

Ti fáàfù ńkọ́? Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Ìkẹ́nnẹ́ gbé áńpílífáyà bàbá rẹ̀ wá bá mi, èyí tí bàbá náà fi ń gbọ́ àwo Haruna Ishola nígbà ayé rẹ̀. EL84 méjì inú rẹ̀ ti kú. Ọlọ́jà kan ń ṣépè fún wa pé irú ìgò bẹ́ẹ̀ ti tán láyé, páálí 6BQ5 mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí pẹpẹ. 6BQ5 ni orúkọ tí Amẹ́ríkà ń pe EL84! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: EL84 ni 6BQ5, EL34 ni 6CA7, ECC83 ni 12AX7, GZ34 ni 5AR4. Wọ́n ṣì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Rọ́ṣíà, Slovakia àti Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣìnà: ẹsẹ̀ ECC82 bá ihò ECC83 mu rẹ́gí, síbẹ̀ ECC83 ń sọ ohùn di ìlọ́po 100, ti ECC82 kò pé 20. Ẹ ó kàn máa sọ pé máíkù ti rẹ̀ ni.

Kàpásítọ̀ ló kàn. Èyí tó ń tọ́jú iná a máa gbẹ nínú bí agbè, ìdí nìyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ fi ń kùn. 8, 16, 32 àti 50 máíkírófáràdì ni iye àtijọ́. 10, 22, 33 àti 47 ni ẹ ó rí lọ́jà lónìí. 33 lè dípò 32. Ìgò tó ní méjì nínú, ẹ fi ẹyọ méjì dípò rẹ̀. Fólítì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín: ẹ má fi 350 síbi tí 450 wà. Ẹ má sì gbé iye rẹ̀ ga kọjá ààlà. GZ34 kò fẹ́ ju 60 máíkírófáràdì lọ níwájú rẹ̀. Ìkìlọ̀ ńlá: kàpásítọ̀ ń pa iná mọ́ra lẹ́yìn tí a bá ti yọ ẹ̀rọ kúrò lójú iná. Nínú onífáàfù, ó lè ju 300 fólítì lọ, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ fà á tán, kí ẹ fi mítà wò ó, kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀.

Níbo ni a ti ń rí ojúlówó? Bí ẹ bá lọ sí Alábà ní Ọ̀jọ́ tàbí ọjà mìíràn, ẹ má béèrè tuntun nìkan. Ẹ wo áńpílífáyà tòkunbọ̀ tó ti kú. Òkú ẹ̀rọ kan lè gba ẹ̀mí mẹ́ta là, nítorí ẹ̀yà tí wọ́n dè mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ojúlówó. Ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó sanwó. Ní ti tuntun, ayédèrú pọ̀, pàápàá ti 2SC5200, 2SA1943 àti STK. Ẹ fi owú tí a rẹ sínú ẹ̀mu òyìnbó nu orúkọ ara rẹ̀. Bí orúkọ bá parẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú èyí tó jó. Bí ó bá fúyẹ́ jù ú lọ, ẹ ṣọ́ra. Èyí tó ba ọjọ́ wa jẹ́, mo fi ayùn la orí rẹ̀ lẹ́yìn náà: ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó wà nínú ojúlówó. Mo ní in lápò níbí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kí ó wá wò ó.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Mo ti fi owó ara mi ra MJ15003 mẹ́rin láti ara òkú ẹ̀rọ, mo yọ 2N3055 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n lè jẹ́ irú kan náà. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹgbẹ́ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí gbogbo ẹ̀yà tí a bá pààrọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó. Kí ẹ fún mi ní ọ̀dọ́ méjì tí n ó kọ́ níṣẹ́ yìí, nítorí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Kí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, má sì fi wáyà dípò fíúsì mọ́ láéláé. Bí ẹ bá tún wá pinnu láti ra tuntun lẹ́yìn èyí, mo gbà. Ṣùgbọ́n tuntun òní ni àtijọ́ ọ̀la. Ìmọ̀ yìí la ó tún wá kiri.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lójú gbogbo yín. Gílóòbù àtijọ́ oní-100 wáàtì ni mo so sójú ọ̀nà tí iná ń gbà wọnú ẹ̀rọ. Ti LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò rẹlẹ̀, àléébù wà nínú ẹ̀rọ, kí a tètè pa á. Bí ó bá tàn, tó wá rẹlẹ̀ wọ̀ọ̀, ara ẹ̀rọ dá.

Ẹ wò ó. Ó tàn. Ó ń rẹlẹ̀. Ó ti rẹlẹ̀.

Mo ti yọ gílóòbù kúrò, fíúsì rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ojúlówó. Akọ̀wé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba máíkù. Bàbá ti jókòó pẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ karùn-ún.